Ẹni tí a Rẹ́ Jẹ, Ǹjẹ́ Ó Ní Ẹ̀tọ́ Láti Rẹ́ Ẹlòmíràn Jẹ?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì gbà pé ó kan gbogbo àwa tí a ń gbé ní Súrùlérè, Yábàá, Muṣin àti agbègbè wọn. Ó ṣòro kí a tó rí ọ̀dọ́ kan láàrin wa lónìí tí kò ní fóònù lọ́wọ́. Ó sì ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó rí ẹni tí fóònù náà kò tíì mú bínú rí. Ènìyàn yóò ra dátà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kí alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó lẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ ti dé pé ó ti tán. Ènìyàn yóò fi owó sórí fóònù kí ó lè pe ìyá rẹ̀ nílé. Kí ó tó tẹ nọ́ńbà, ₦50 ti lọ níbẹ̀ fún orin kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́. Bí ó bá pe ilé-iṣẹ́ fóònù láti fi ẹjọ́ sùn, orin ni wọn yóò máa kọ sí i létí títí bátìrì rẹ̀ yóò fi kú.

Nínú irú ìbínú bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ti máa ń jẹ yọ: bí ó bá dá ènìyàn lójú pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ, ǹjẹ́ ó ní ẹ̀tọ́ láti rẹ́ wọn jẹ padà? Ọ̀pọ̀ nínú wa ti dáhùn ìbéèrè yìí nípa ìwà, a kò kàn sọ ọ́ jáde lẹ́nu ni. Èmi pàápàá ti dáhùn rẹ̀ rí, n kò sì ní fi bí mo ṣe ṣe é pamọ́ fún yín.

BÍ MO ṢE DI ONÍ-BLACKBERRY LÁÌNÍ BLACKBERRY

Ní ọdún 2013, Yábàá ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Fóònù Android ni mo ń lò, ọ̀kan nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà. Ní àkókò náà, oríṣi dátà méjì ni àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń tà. Ọ̀kan wà fún àwọn tí ń lo BlackBerry, èkejì sì wà fún àwa yòókù. Ti BlackBerry rọjú púpọ̀ ju tiwa lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí BlackBerry bá ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ BlackBerry fúnra rẹ̀ ni ó ti máa ń kọ́kọ́ gbà kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un pọ̀ kí ó má baà wúwo lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Báwo ni ilé-iṣẹ́ fóònù ṣe ń mọ ẹni tí ń lo BlackBerry? Nípasẹ̀ nọ́ńbà tí a ń pè ní IMEI ni. Gbogbo fóònù ni ó ní i, oókan mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ẹni tí ó bá tẹ *#06# yóò rí i lójú fóònù rẹ̀, yóò sì rí i lára páálí tí fóònù náà bá wá. Bí orúkọ àbísọ ni nọ́ńbà yìí rí fún fóònù. Kò yẹ kí fóònù méjì jọ jẹ́ ẹyọ kan náà.

Ṣùgbọ́n àwọn fóònù tí ọkàn ẹ̀rọ wọn jẹ́ ti MediaTek ní ojú ewé ìkọ̀kọ̀ kan tí a ṣe fún àwọn ẹlẹ́rọ. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà ibẹ̀ lè pa orúkọ fóònù dà. Ọmọkùnrin kan tí ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀yìn ọjà Tẹ́júoṣó, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà, ni ó bá mi ṣe é. ₦500 ni ó gbà. Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí ó fi yọ nọ́ńbà fóònù mi kúrò, tí ó sì fi nọ́ńbà BlackBerry kan sí i. Láti ọjọ́ náà lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbà pé BlackBerry ni mo ń lò. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jẹ ayé náà. Kì í ṣe èmi nìkan, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é ni a ń wò bí ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì là.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Lawanson ni ó bi mí léèrè ní alẹ́ ọjọ́ kan pé, “Dátà tí o ń lò yìí, ṣé o sanwó rẹ̀?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n gbádùn jàre. Èyí tí mo sanwó rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ṣé wọ́n jẹ́ kí n lò ó ni?” Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dákẹ́. Mo rò pé mo ti borí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìdáhùn tí mo fún wọn yẹn ni mo fẹ́ gbé sórí òṣùwọ̀n lónìí.

KÌ Í ṢE PÉ ÀWỌN ILÉ-IṢẸ́ KÒ JẸ̀BI

Kí a má baà rò pé mo fẹ́ gbèjà olówó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ òótọ́ nípa wọn. Nígbà tí GSM dé sí Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, nǹkan bí ₦50 ni a ń san fún ìpè ìṣẹ́jú kan. Odindi ìṣẹ́jú sì ni wọ́n ń kà. Ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan ó lé ẹyọ ìṣẹ́jú-àáyá kan, owó ìṣẹ́jú méjì ni yóò san. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ra afẹ́fẹ́ tí a kò fà símú. Ìgbà tí Glo dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá, ni àwọn yòókù náà tó tẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ káàdì SIM. Ní ọdún 2015, àjọ NCC, tí ó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ fóònù ní orílẹ̀-èdè yìí, bu owó ìtanràn tí ó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà lé MTN lórí. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ náà kò gé àwọn nọ́ńbà tí ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí a kò forúkọ wọn sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Ní ọdún 2016 ni wọ́n dín owó náà kù sí bílíọ̀nù 330 náírà. Èyí fi hàn pé ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá a máa rú òfin.

Àwa tí a ń ná ọjà Ojúwòyè mọ̀ nípa kóńgò tí wọ́n fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bí a bá wò ó láti òkè, gàrí kún un dé ẹnu, kódà ó ga ṣóńṣó. Ilé ni a ti ń mọ̀ pé kò pé. Dátà tún wá burú ju gàrí lọ, nítorí pé oníbàárà kò lè ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti mọ ibi tí ìdí rẹ̀ wà. Ẹni tí ń tà á náà ni ó ń wọ̀n ọ́n, òun náà ni ó sì ń sọ ìgbà tí ó tán. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ìfura kò lè ṣàìsí.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá dun ni ni ìrẹ́jẹ. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ dátà tí í kú nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Àwọn kan ní olè ni, nítorí pé ohun tí mo ti ra kò yẹ kí ó kúrò lọ́wọ́ mi. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe olè, nítorí pé ohun tí a rà kì í ṣe ẹrù bí kò ṣe àyè. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn sanwó dáńfó láti Ojúẹlẹ́gbà lọ sí Muṣin. Bí ó bá fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ní Ìdí-Orò, kò lè padà wá lọ́la pé kí awakọ̀ gbé òun dé ibi tí ó kù. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá já a sílẹ̀ ní Ìdí-Orò lẹ́yìn tí ó ti gba owó Muṣin, ìrẹ́jẹ gbáà ni. Lójú tèmi, ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyẹn. Bí wọ́n bá sọ fún mi kí n tó sanwó pé ọgbọ̀n ọjọ́ ni, ó lè dùn mí, àdéhùn ni. Èyí tí wọ́n bá yọ lórí owó mi láìbéèrè, fún orin tàbí ìròyìn tí n kò fẹ́, ìrẹ́jẹ ni, orúkọ yòówù kí wọ́n fún un.

MO GBÉ ÌDÁHÙN MI SÓRÍ ÒṢÙWỌ̀N

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni ó fi wọ́.

Èkíní ni pé n kò wọn ohun tí mo ní wọ́n jí lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí ó pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo tó jókòó ti fóònù mi tí mo ṣí ibi tí ó ń ka dátà sí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Fóònù Android kì í sùn bí olówó rẹ̀ bá sùn. Àwọn áàpù ń tún ara wọn ṣe láàrin òru. Àwòrán àti fídíò tí àwọn ènìyàn ń fi sínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp ń wọlé fúnra wọn, bí mo tilẹ̀ kò ṣí wọn wò. Fídíò tí mo kàn kọjá lórí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ eré kí n tó gbójú kúrò. Fọ́tò mi gbogbo ń gòkè lọ sí ibi ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé mo rán wọn. Nígbà tí mo pa gbogbo wọn, dátà tí í tán ní ọjọ́ méjì wá ń lo ọjọ́ mẹ́fà. Olè tí mo ń wá kiri nínú ilé-iṣẹ́ fóònù, púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o, nítorí owó orin tí wọ́n ń yọ, àwọn ni wọ́n ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ gba tirẹ̀ padà gbọ́dọ̀ mọ iye tí ó jẹ́. Èmi kò mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gba gbèsè tí n kò kà, ta ni yóò wá sọ fún mi pé ó ti tó? Òṣùwọ̀n ẹni tí ń bínú kì í kún.

Èkejì ni pé kì í ṣe ẹni tí mo ní ó rẹ́ mi jẹ ni mo rẹ́ jẹ. Nọ́ńbà tí Ẹnjiníà fi sínú fóònù mi kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ara BlackBerry kan tí ẹnìkan gbé wá fún àtúnṣe ni ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Oníbàárà náà sanwó àtúnṣe fóònù rẹ̀, kò mọ̀ pé wọ́n ti ta orúkọ rẹ̀. Bí èmi bá fi fóònù mi dá ọ̀ràn, nọ́ńbà tirẹ̀ ni wọn yóò bá níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń wá fóònù tirẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni ipa ẹsẹ̀ lè já sí. Bákan náà, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó wà ní àdúgbò wa, gbogbo wa ni a jọ ń fà á. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wa bá ń fa fídíò lórí dátà tí a ṣe fún ohun tí ó fúyẹ́, ta ni ìyà rẹ̀ ń jẹ? Kì í ṣe ọ̀gá tí ó jókòó sí erékùṣù Èkó. Ìyá oníṣòwò ní Ìtìrẹ́ tí ó sanwó rẹ̀ pé, tí ó ń pe oníbàárà rẹ̀ tí kò wọlé, ni ó ń bá wa san gbèsè.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ìwà náà sọ èmi fúnra mi dà. Ní ọdún 2014, wọ́n yọ fóònù náà lápò mi lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà bí mo ti ń rọ́ wọ dáńfó. Mo lọ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní kí n mú páálí fóònù wá, mo gbé e wá, wọ́n sì kọ IMEI ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ni àyà mi já, nítorí mo mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n ń kọ kọ́ ni fóònù mi ń jẹ́ mọ́. N kò lè sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí n wá wo àwọn fóònù tí wọ́n rí gbà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan. Mo rí tèmi láàrin wọn, mo mọ̀ ọ́n nípa ibi tí igun rẹ̀ ti sán. Ọlọ́pàá àgbà tí ó wà níbẹ̀ tẹ *#06#, ó wo ojú fóònù, ó wo páálí, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ọmọ mi, èyí kì í ṣe tìrẹ.” Bí mo bá ní tèmi ni, n óò ṣàlàyé bí orúkọ ẹlòmíràn ṣe dé inú rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bá tèmi lọ.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní tèmi, kò tilẹ̀ tó ọdún kan. ₦500 ni mo fi ra ẹlẹ́rìí èké, ẹlẹ́rìí náà ni ó sì wá jẹ́rìí takò mí nígbà tí mo wá òtítọ́ lọ. Mo bínú sí olè tí ó gbé fóònù mi, ṣùgbọ́n n kò rí ẹnu gbé ìbínú náà jáde. Olè náà lè sọ ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, pé ayé ti rẹ́ òun náà jẹ.

Àwa tí a ń ka Kùránì mọ̀ pé orí 83 gba orúkọ rẹ̀ lára àwọn tí í dín òṣùwọ̀n kù, àwọn tí í gba tiwọn ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ tí wọn sì í san ti ẹlòmíràn ní àbọ̀. Mo ti máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ń tajà nìkan ni. Mo wá rí i pé ẹni tí ń rajà náà ní kóńgò lọ́wọ́.

ÀTÚNṢE YÀTỌ̀ SÍ ÌTÀNJẸ

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé ó burú nígbà náà láti máa tú inú fóònù wò? Rárá o. Ẹni tí ó ra fóònù ni ó ni ín. Bí ó bá fẹ́ yọ àwọn áàpù tí wọ́n ti kó sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ àyè lásán, bí ó bá fẹ́ mọ bí Android ṣe ń ṣiṣẹ́, ìmọ̀ ni ó ń wá. Ojútáyé ni Google tilẹ̀ tẹ́ ìpìlẹ̀ Android sí láti ọdún 2008, kí àwọn ẹlòmíràn lè kà á kí wọn sì tún un ṣe. Ewu kan tí ó wà níbẹ̀ ni pé fóònù lè di òkúta síni lọ́wọ́, kí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é sì ní òun kò tún un ṣe mọ́. Ìyẹn kò kan ẹlòmíràn.

Ìgbà tí a bá jẹ́ kí fóònù pe ara rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe, kí a lè gba ohun tí a kò san, ni àtúnṣe di ìtànjẹ. Irinṣẹ́ kan náà ni, ojú ewé kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ohun tí a fẹ́ kí ẹni kejì gbàgbọ́.

ṢÉ KÍ A WÁ KÁWỌ́ GBERA NI?

Orúkọ àdúgbò wa ń sọ fún wa pé sùúrù lérè. Ṣùgbọ́n sùúrù kò túmọ̀ sí kí ènìyàn dákẹ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, àwọn ọmọ Nàìjíríà kan pinnu láti pa fóònù wọn fún odindi ọjọ́ kan nítorí owó ìpè tí ó gara jù. Wọn kò jí ohunkóhun, wọn kò pa orúkọ dà, ojú gbangba ni wọ́n ti ṣe é, gbogbo orílẹ̀-èdè sì gbọ́. Mo fi èyí wé ohun tí èmi ṣe ní ẹ̀yìn Tẹ́júoṣó, mo sì rí i pé ohun tí mo ń pè ní ẹ̀san kò sọ ohunkóhun fún ilé-iṣẹ́ náà. Olè kò lè fi ẹjọ́ sùn. Ohun àkọ́kọ́ tí ìtànjẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tí a rẹ́ jẹ ni ẹnu tí ìbá fi sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tí ó tọ́ wà. Láti ọdún 2023, NCC ti mú kí gbogbo ilé-iṣẹ́ fóònù máa lo nọ́ńbà kan náà. *310# ni a fi ń wo owó tí ó kù, *323# ni a fi ń wo dátà, 300 ni a sì fi ń pe àwọn tí ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ẹni tí kò bá fẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó mọ́, kí ó fi STOP ránṣẹ́ sí 2442. Bí a bá ti sùn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọn kò dáhùn, kí a kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí a sì pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 sì ni a ti lè gbé nọ́ńbà wa kúrò ní ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn láìpa á dà. Nígbà tí NCC fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí owó ìpè àti dátà gòkè títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ó túbọ̀ di dandan kí a mọ ẹ̀tọ́ wa kí a sì máa bèèrè fún un. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ń falẹ̀, wọ́n sì ń gba sùúrù. Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lè dúró, kí ó tún padà wá lọ́la.

Ọ̀rọ̀ mi ìkẹyìn lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ méjì. Èkíní ni ẹ̀yin tí ẹ ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀bá ọ̀nà. Bí ẹnìkan bá gbé fóònù wá pé kí ẹ pa IMEI rẹ̀ dà, ẹ bi í léèrè páálí rẹ̀. Owó tí ẹ pàdánù lórí rẹ̀ kò tó ohun tí oníbàárà kan yóò pàdánù nítorí rẹ̀. Èkejì ni ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù náà, nítorí mo mọ̀ pé ẹ wà láàrin wa. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá kan lè gbé òòlù lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ lu ìdí kóńgò wọnú díẹ̀, kí ẹ fi orin kan sórí nọ́ńbà àwọn tí kò béèrè fún un. Ní ọjọ́ náà, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ̀yin pàápàá wà lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà pẹ̀lú ₦200 tí ó kù lórí fóònù.

Kí Ọlọ́run fún wa ní òṣùwọ̀n tí ó pé, kí Ó sì fún wa ní ẹnu tí a ó fi máa bèèrè fún un.